504 bàbá wa ti wà lójú kan fún ọdún mọ́kànlá: báwo la ṣe máa jí i?

ỌmọÒkèÀdó | Sátidé, 9:05 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ Peugeot 504 bàbá wa ni mo gbé wá. Kàdúná ni wọ́n ti tò ó, 1983 ni bàbá rà á. Òun ló gbé gbogbo wa lọ sílé ìwé, òun náà ló gbé ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi wọlé. Nígbà tí bàbá dákẹ́, ẹ̀gbọ́n mi wà á fún bí oṣù mẹ́ta, ó wá gbé e sábẹ́ igi máńgòrò lẹ́yìnkùlé, ó ra Corolla tiẹ̀. Ọdún mọ́kànlá rèé. Kò sẹ́ni tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ láti ìgbà náà.

Màmá wa máa pé ọgọ́rin ọdún níparí ọdún yìí. Wọ́n ní ọkọ̀ yẹn làwọn máa gbé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ náà, àwọn ò fẹ́ tẹnikẹ́ni.

Ẹ̀gbọ́n mi ti ra bátìrì tuntun. Mẹkáníìkì kan ládùúgbò ní ká má wulẹ̀ da ara wa láàmú: ká fi okùn so ó mọ́ ọkọ̀ míì, ká fà á sọ̀kalẹ̀ lọ sí Mọlété, ká ju gíà kejì sí i lójú ọ̀nà, pé á ti jí ká tó débẹ̀. Ọ̀la ni wọ́n fẹ́ ṣe é. Ọkàn mi ò balẹ̀ rárá. Kí lẹ rí sí i?

Sùpánà Mẹ́rìnlá | 9:21 alẹ́

Ẹ̀rù kí ló ń bà yín? Bátìrì tuntun, bẹntiróòlù lítà márùn-ún, ẹ ta díẹ̀ sẹ́nu kàbúrétọ̀ tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́, ẹ ṣáná sí i. Mo jí Datsun kan báyẹn ní Òjòó, ó ti lé lọ́dún márùn-ún tó ti wà ńlẹ̀. 504 kì í kú.

Bàbá Gáàtì | 10:02 alẹ́

Ọmọ mi, sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ kó tú okùn yẹn lálẹ́ yìí. Má jẹ́ kílẹ̀ mọ́ bá a.

Ó lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo fi jókòó ti Peugeot ní Àgọ́dì Gáàtì kí ojú tó ní ó tó. Ọkọ̀ tó sùn lọ́dún mẹ́wàá tí kò ṣe nǹkan kan, mo rí i dáadáa. Àwọn tí mo rí tó bàjẹ́, ìṣẹ́jú márùn-ún àkọ́kọ́ tí wọ́n ń jí wọn ni wọ́n bà wọ́n jẹ́.

Wò ó. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́, ọ́ìlì á bo ara ṣílíńdà nínú, písítìnì á máa yọ̀ lórí rẹ̀. Bó bá dúró, ọ́ìlì yẹn á rọra ṣàn sọ̀kalẹ̀. Lẹ́yìn ọdún mọ́kànlá òjò àti ọyẹ́, ara ṣílíńdà ti gbẹ, ó sì lè jẹ́ pé ìpẹtà ti so ríìngì, òrùka irin tó yí písítìnì ká, mọ́ ọn pinpin. Bí ẹ bá wá ń fà á, tí ẹ ju gíà kejì, táyà ló máa fi agídí yí ẹ́ńjìnnì tí kò fẹ́ yí. Nǹkan kan gbọ́dọ̀ fún un láyè. Bí ríìngì ò bá kán, ara ṣílíńdà á ha. Ìyẹn ti di owó ẹ́ńjìnnì.

Ẹ wá fẹ́ gbé bíréèkì ọdún mọ́kànlá sọ̀kalẹ̀ lọ sí Mọlété? Ìsọ̀ ta lẹ fẹ́ kó lọ dúró sí?

Bátìrì yẹn, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kọ́kọ́rọ́, ẹ gbé e fún Màmá kí wọ́n bá yín so ó mọ́ ìdí ìró, torí òun la máa fọwọ́ kàn kẹ́yìn. Ẹ tú pulọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Kẹ́ ẹ tó yọ wáyà wọn, ẹ sàmì sí wọn, nítorí 1, 3, 4, 2 ni wọ́n ń tò ṣáná, bẹ́ ẹ bá sì gbé wọn pa dà síbi tí kì í ṣe tiwọn, ẹ máa gbàgbọ́ pé àjẹ́ ló wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Ẹ da ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tó mọ́, tí ẹ ti pò mọ́ dísẹ́ẹ̀lì díẹ̀, sínú ihò kọ̀ọ̀kan, kó tó ṣíbí ìjẹun méjì. Ẹ fi aṣọ dí ẹnu ihò. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta.

Lẹ́yìn náà, gíà kó wà ní fírì, kí ẹ fi sùpánà mú nọ́ọ̀tì ńlá iwájú ẹ́ńjìnnì, kẹ́ ẹ fọwọ́ yí i. Ọwọ́ ni mo wí o.

Ará Bódìjà | 10:30 alẹ́

Èmi ò tiẹ̀ mọ ìdí tẹ́ ẹ fi ń ṣe gbogbo èyí. Ẹ ta á fáwọn tó ń ra irin àlòkù, kẹ́ ẹ fowó rẹ̀ kún ti àsè Màmá. Láti 2023 tí owó ìrànwọ́ orí epo ti kúrò, ta ló tún ń gbé 504 jáde? Ẹ wo bí Micra ṣe gba gbogbo ìgboro Ìbàdàn, ṣé ẹ rò pé ẹwà rẹ̀ ni wọ́n rí?

ỌmọÒkèÀdó | 10:37 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n, ẹ wá sọ ọ́ níwájú Màmá. Màá gbé àga fún yín.

Bàbá Gáàtì, ẹ ṣeun sà. Mo ti lọ tú okùn náà fúnra mi. Ẹ̀gbọ́n mi ò bá mi sọ̀rọ̀ báyìí. Epo tó wà nínú táǹkì ńkọ́? Ṣé ká da tuntun lé e lórí?

Bàbá Gáàtì | 10:58 alẹ́

Bẹntiróòlù kì í ṣe ẹmu òyìnbó pé bó bá ṣe pẹ́ tó ló ṣe ń dùn tó. Láàárín oṣù mélòó kan, èyí tó fúyẹ́ nínú rẹ̀, tó máa ń tètè gbaná, á ti fẹ́ lọ. Èyí tó kù á máa ki bí oje igi. Oje yẹn ló máa ń dí àwọn ihò tín-ín-tìn-ìn-tín inú kàbúrétọ̀. Omi náà á ti wà nísàlẹ̀ táǹkì, ìpẹtà á sì ti tẹ̀ lé e. Bẹ́ ẹ bá da tuntun lé e, ẹ kàn fi omi tútù la àgbo tó ti kan ni.

Ẹ fà á jáde tán pátápátá. Ẹ má fi ẹnu fà á, mo ti rí ọmọ iṣẹ́ tó ti ibẹ̀ dèrò ilé ìwòsàn. Ẹ má sì dà á sí gọ́tà tàbí ẹ̀bá kànga.

Ìyá Ìbejì Akóbọ̀ | Sọ́ńdè, 3:40 ọ̀sán

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ ti Bàbá o. Ohun tójú mi rí ni mò ń sọ. Dádì àwọn ìbejì lọ sí Kánádà, wọ́n fi Camry 2004 wọn sílẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní Big Daddy. Ọdún mẹ́ta péré, kò tó ti yín. Ọmọkùnrin kan dé, ó gbé bátìrì sí i, ó ń ṣáná ṣáá, ó ń ṣáná ṣáá. Ó ní ó ti fẹ́ jí. Ibi tó ti fẹ́ jí yẹn náà ni pọ́ǹpù inú táǹkì ti gbé oje wọ gbogbo ọ̀nà epo, òun fúnra rẹ̀ sì gan síbẹ̀. Pọ́ǹpù ni mo rà, nọ́ọ̀sù tó ń fọ́n epo ni mo rà, mo tún sanwó fífọ táǹkì. Owó tó bá a lọ tó owó ilé ìwé ìbejì méjèèjì fún sáà kan. Mi ò tíì sọ fún dádì wọn. Wọ́n rò pé bátìrì lásán ni mo pààrọ̀.

Rewáyà Sángo | Sọ́ńdè, 8:12 alẹ́

Ìyá Ìbejì, ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Irú Camry yẹn, ẹ̀rọ tó ń darí iná àti epo wà nínú rẹ̀, àwa máa ń pè é ní brain box. Bí ẹnikẹ́ni bá ṣi wáyà bátìrì gbé, ó lè jóná. Ó sì tún jẹ́ ọ̀tọ̀mátíìkì, bó o tì í láti ibí dé Mọ́níyà kò ní jí.

504 rọrùn ju ìyẹn. Iṣẹ́ tèmi níbẹ̀ kéré ṣùgbọ́n ẹ má fojú di í. Èkíní, eku. Ẹ yẹ gbogbo wáyà wò láti iwájú dé ẹ̀yìn kẹ́ ẹ tó gbé bátìrì sí i, nítorí wáyà tí eku ti bó láṣọ lè kan irin, iná sì lè sọ. Èkejì, kọ́ntáàtì inú disitiríbútọ̀, ibi tí wọ́n ti ń pín iná fún pulọ́ọ̀gì, á ti dípẹtà. Ẹ fi sáńdípépà tó kúnná jù rà á, ẹ fi aṣọ tó mọ́ nù ún, ẹ wá ya ẹnu rẹ̀ sí bí ìdá mẹ́rin nínú mẹ́wàá mìlímítà. Ẹ má tan kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ kẹ́ ẹ máa tàkúrọ̀sọ o! Bí kọ́ntáàtì bá pa ẹnu dé tí iná sì wà lórí rẹ̀, kọ́ìlì tó ń sọ iná bátìrì di ńlá á máa gbóná títí á fi jó.

ỌmọÒkèÀdó | Ọjọ́rú, 6:50 alẹ́

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo ní ká sọ ibi tá a dé.

Agbọ́n ló kọ́kọ́ kí wa káàbọ̀. Wọ́n ti kọ́lé sábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ilé ńlá. Ẹ̀gbọ́n mi tó ní òun ò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ sáré débi tí bàtà rẹ̀ kan fi kù sẹ́yìn, ìgbà yẹn la tó bára wa sọ̀rọ̀. Nígbà tá a lé wọn tán, mo ṣí ibi fílítà afẹ́fẹ́. Eku ti tẹ́ ìtẹ́ síbẹ̀, ìwé ìpolongo ìbò ni wọ́n fi tẹ́ ẹ, ojú olùdíje kan ṣì ń rẹ́rìn-ín láàárín rẹ̀.

Lítà méje ló kù nínú táǹkì. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí àgbo jẹ̀díjẹ̀dí, òórùn rẹ̀ sì dà bí ọ̀dà tó ti kan. Isàlẹ̀ rẹ̀ kún fún ìpẹtà. Lábẹ́ ìjókòó awakọ̀, mo rí náírà kan onírin ti 1991 àti ìyarun bàbá. Mi ò tíì fún Màmá ní ìyarun yẹn.

Ọ̀rọ̀ tó wá ká mi lára: ẹ́ńjìnnì ò yí. A da ọ́ìlì àti dísẹ́ẹ̀lì sí i láti Sọ́ńdè. Àárọ̀ yìí mo fi sùpánà mú nọ́ọ̀tì, mo fi gbogbo ara tì í. Ó dúró gbọin.

Sùpánà Mẹ́rìnlá | 7:04 alẹ́

Ẹ ki páìpù gígùn bọ ẹ̀yìn sùpánà. Á gbọ́ràn.

Ará Bódìjà | 7:09 alẹ́

Mo gbọ́ pé wọ́n máa ń da Coke sí i.

Bàbá Gáàtì | 7:45 alẹ́

Coke fún àlejò ni o. Ṣúgà ni, ásíìdì inú rẹ̀ ò sì dára fún ibi tí ẹ bá ti gbàgbé rẹ̀ sí.

Sùpánà, ìwọ ọmọ yìí, agbára rẹ pọ̀, mo gbà. Páìpù gígùn á yí nọ́ọ̀tì, ó lè kán an náà. Bí nọ́ọ̀tì yẹn bá kán sínú, ìwọ lo máa lọ yọ ọ́?

ỌmọÒkèÀdó, ṣé ọ́ìlì tẹ́ ẹ dà sí i ti wọlẹ̀ lọ, àbí ó ṣì dúró lórí písítìnì? Ki igi tín-ín-rín kan bọ ihò pulọ́ọ̀gì kó o wò ó.

ỌmọÒkèÀdó | 8:20 alẹ́

Ihò kejì ló ṣì kún sà. Àwọn mẹ́ta yòókù ti gbẹ.

Bàbá Gáàtì | 8:33 alẹ́

Nǹkan ti ń ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Mẹ́ta ti jẹ́ kí ọ́ìlì kọjá lára ríìngì, ẹyọ kan ló ń ṣagídí, ó sì ń dá àwọn yòókù dúró. Ọ́ìlì pupa tí wọ́n ń dà sí gíà ọ̀tọ̀mátíìkì, ẹ wá a, ó máa ń wọnú ju ti ẹ́ńjìnnì lọ. Ẹ dà á sí gbogbo ihò. Ní àràárọ̀ àti ní alaalẹ́, ẹ mì í síwájú díẹ̀, ẹ mì í sẹ́yìn díẹ̀. Ẹ má fi tipátipá yí i sí ọ̀nà kan ṣoṣo.

Sùpánà Mẹ́rìnlá | 8:35 alẹ́

Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì pa òwe ẹ̀sọ̀ yẹn fún wa lálẹ́ yìí.

ỌmọÒkèÀdó | Sátidé, 7:15 àárọ̀

Ó YÍ! Ó yí o! Bí ìbú ìka kan ló kọ́kọ́ lọ, ó pa dà, ó tún lọ, lójijì ó yí pátápátá. Mo pariwo débi pé Màmá gbé orógùn jáde, wọ́n rò pé ejò ni.

Bàbá Gáàtì | 7:40 àárọ̀

Ìyìn fún Olódùmarè. Má ṣáná o! Màmá ṣì lọ́wọ́ sí kọ́kọ́rọ́?

Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, ẹ dà á nù nígbà tí gbogbo ohun tẹ́ ẹ dà sókè ti wọlẹ̀ tán. Lítà mẹ́rin tuntun, pẹ̀lú fílítà tuntun. Rediétọ̀, ẹ fọ̀ ọ́. Omi ẹ̀rọ lásán lọ̀pọ̀ èèyàn máa ń dà sí 504, bẹ́ẹ̀ orí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ alumíníọ̀mù, ara rẹ̀ jẹ́ irin dúdú, omi lásán a sì máa jẹ méjèèjì. Rọ́bà tó bá sán nígbà tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ẹ pààrọ̀ rẹ̀, pàápàá ti epo. Rọ́bà epo tó sán lórí ẹ́ńjìnnì tó gbóná, mo ti bá wọn bu iyẹ̀pẹ̀ pa irú iná bẹ́ẹ̀ nígbà méjì, ẹ̀ẹ̀kan pẹ̀lú èmi nínú ọkọ̀.

Kàbúrétọ̀, ẹ tú u, ẹ fi afẹ́fẹ́ fẹ́ àwọn ihò rẹ̀. Ẹ má ki wáyà bọ̀ ọ́, ihò yẹn ní ìwọ̀n tí wọ́n dá a sí.

Bẹ́ ẹ bá ti ṣe èyí tán, kẹ́ ẹ tó dá pulọ́ọ̀gì pa dà, ẹ gbé bátìrì sí i, ẹ yọ wáyà àárín kọ́ìlì, kẹ́ ẹ jẹ́ kí sitáátà yí ẹ́ńjìnnì fún bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, ẹ sinmi, ẹ tún ṣe é, títí iná pupa ọ́ìlì fi máa kú lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Ìgbà náà ni ẹ tó mọ̀ pé ọ́ìlì ti dé òkè.

Rewáyà Sángo | 8:02 àárọ̀

Mo wà ní Òkè-Àdó lọ́sàn-án òní. Fi àdírẹ́sì ránṣẹ́ sí mi níkọ̀kọ̀, màá yà wo wáyà yẹn. Oúnjẹ ni kẹ́ ẹ fi sanwó mi.

ỌmọÒkèÀdó | Sátidé tó tẹ̀ lé e, 8:30 alẹ́

Ẹ jókòó, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ bó ṣe jẹ́.

Rewáyà wá lọ́sẹ̀ tó kọjá lóòótọ́, ó jẹ àmàlà abọ́ méjì, ó rí wáyà mẹ́ta tí eku ti bó. Gbogbo ọ̀sẹ̀ yìí la fi ṣe ìyókù. Táǹkì ṣì wà lọ́dọ̀ ẹni tó ń fọ̀ ọ́, nítorí náà gálọ́ọ̀nù kékeré kan la gbé kọ́ òkè, lítà kan bẹntiróòlù tuntun wà nínú rẹ̀, a fi rọ́bà tuntun so ó mọ́ kàbúrétọ̀. Garawa iyẹ̀pẹ̀ méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, Bàbá, ẹ má bínú sí wa.

Iná pupa kú nígbà kẹta. A dá pulọ́ọ̀gì pa dà. Màmá tú kọ́kọ́rọ́ nídìí ìró, wọ́n gbé e lé ẹ̀gbọ́n mi lọ́wọ́.

Ìgbà àkọ́kọ́, kò sí nǹkan kan. Ìgbà kejì, ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ìgbà kẹta, ó wúkọ́, ó sín, ẹ̀rù bà wá, ekùrọ́ wá ń fò jáde ní sáíléńsà bí ọta ìbọn! Eku ti kó oúnjẹ ọ̀gbẹlẹ̀ síbẹ̀ láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Ọmọ aládùúgbò wa ń ṣa á lójú wa. Ẹ́ńjìnnì wá dúró lórí iṣẹ́. Èéfín funfun bo gbogbo ẹ̀yìnkùlé fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ọ́ìlì tá a dà sókè ló ń jó jáde, lẹ́yìn náà ó mọ́.

Màmá dúró, wọ́n gbọ́ ọ fúngbà díẹ̀. Wọ́n ní, "Bó ṣe máa ń dún nìyẹn." Wọ́n wọlé lọ, wọ́n gbé báàgì wọn jáde, wọ́n jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀. Ọkọ̀ ò lọ síbì kankan o, ó kàn ń dún. Wọ́n jókòó síbẹ̀ títí epo lítà kan yẹn fi tán. Mo wá fún wọn ní ìyarun.

Ìyá Ìbejì Akóbọ̀ | 8:41 alẹ́

Ẹ ti mú mi sunkún nídìí àdògán.

Ará Bódìjà | 8:50 alẹ́

Ó dáa, mo gba ọ̀rọ̀ mi pa dà. Ṣùgbọ́n ẹ ṣì máa ra epo o.

Bàbá Gáàtì | 9:10 alẹ́

Inú mi dùn, ọmọ mi. Ibì kankan ò tíì yá o. Ṣé ó jò?

ỌmọÒkèÀdó | 9:16 alẹ́

Pọ́ǹpù omi ń kán tó tó. Bíréèkì ni wàhálà tó kù sà. A fẹ́ tì í síwájú díẹ̀, táyà iwájú méjèèjì gan. Bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe tẹ pẹ́dà, ó wọlẹ̀ lọ ráúráú, kò pa dà.

Bàbá Gáàtì | 9:34 alẹ́

Ọ́ìlì bíréèkì a máa fa omi láti inú afẹ́fẹ́, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní ká máa pààrọ̀ rẹ̀ lọ́dún méjì-méjì. Tiyín ti lo mọ́kànlá, omi yẹn ti mú kí písítìnì inú kálípà, ìyẹn irin tó ń fún bíréèkì mọ́ra, dípẹtà mọ́ inú ilé rẹ̀. Ẹ tú kálípà, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ pààrọ̀ gbogbo rọ́bà inú rẹ̀. Másítà tó ń ti ọ́ìlì látìdí pẹ́dà náà ńkọ́, tuntun ni. Ẹ pààrọ̀ rọ́bà gígùn tó ń gbé ọ́ìlì lọ sí táyà kọ̀ọ̀kan, bó tilẹ̀ dára lójú, nítorí inú ló ti máa ń wú. Lórí èyí ni mi ò ti ní gbọ́ pé owó ò sí. Ọkọ̀ tí kò jí, ilé ló máa wà. Èyí tó jí tí kò lè dúró, mo ti ṣe ìbéèrè yẹn lọ́jọ́ kìíní: ìsọ̀ ta?

Táyà náà, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Nọ́ńbà mẹ́rin ló wà lẹ́yìn DOT, méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀, méjì tó kẹ́yìn ni ọdún tí wọ́n ṣe é. Mo mọ ohun tẹ́ ẹ máa bá níbẹ̀.

ỌmọÒkèÀdó | 9:48 alẹ́

3409. Mo ti gbọ́ sà.

Sùpánà Mẹ́rìnlá | 9:55 alẹ́

Mo máa wà ní Gáàtì lọ́jọ́ Ajé. Mo mọ ẹni tó ṣì ń ta rọ́bà kálípà 504, ojúlówó. Màá bá yín rà á ní iye tí wọ́n ń tà á fún mẹkáníìkì. Ẹ má dúpẹ́, kí Bàbá kàn sọ pé mo gbìyànjú.

Bàbá Gáàtì | 10:01 alẹ́

O gbìyànjú. Mú páìpù yẹn dání, a máa fi gbé jáàkì.

ỌmọÒkèÀdó | 10:06 alẹ́

Màmá ní kí n bi yín, kí ló dé tí rédíò ò sọ̀rọ̀?

Rewáyà Sángo | 10:10 alẹ́

Fíúsì ni. Ẹ bá mi kí wọn, mò ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Ẹ sọ fún wọn pé àmàlà yẹn náà ni mo fẹ́.